Rẹ́kọ́ọ̀dù Tó Dógò Ti Ìjọba: Ẹ̀rín àti Ikú Nínú Unlimited Liability Company

Ní oṣù Keje ọdún 1983, nígbà tó ku ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ kí wọ́n dìbò ní Nàìjíríà, àwo orin kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Unlimited Liability Company. Wọlé Ṣóyínká ló kọ ọ̀rọ̀ àti orin inú rẹ̀, Túnjí Oyèlànà àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, the Benders, ló sì fi ohùn àti ìlù gbé e jáde. Àwo yìí kì í ṣe orin ijó lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin ọ̀fọ̀, síbẹ̀ ijó wà nínú rẹ̀, ọ̀fọ̀ sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìlú tí àwọn olórí ń jẹ run lójú àwọn tó ni ín ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn náà lọ́nà tí ẹni tó ń gbọ́ kò fi ní mọ ìgbà tí ẹ̀rín yóò bọ́ lẹ́nu òun. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni àwọn Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ó tọ́ kí a wo àwo náà láti Ìbàdàn àtijọ́, láti agbègbè Àrẹ̀mọ, Bẹẹrẹ, Màpó àti Ọjà'ba, nítorí pé ìlú yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe é ti kọ́ iṣẹ́, ìlú yìí náà ló sì ní àṣà tó lè mú kí ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ yé ènìyàn dáadáa.

Orúkọ àwo náà gan-an ni ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí kò bá sì mọ bí òfin ilé-iṣẹ́ ṣe rí kò ní mọ ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Nínú òfin òwò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fi “Limited” parí orúkọ rẹ̀ ni èyí tí gbèsè rẹ̀ ní ààlà: bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kú, owó tí oníkálukú fi ra ìpín nínú rẹ̀ nìkan ló máa ṣòfò, àwọn olówó kò sì lè tọ oní-ìpín lọ sílé kí wọ́n lọ gbé àga rẹ̀ tà. Èyí tí wọ́n ń pè ní “Unlimited” ni èyí tí gbèsè rẹ̀ kò ní ààlà, tí olówó lè lépa àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ dé inú yàrá wọn. Ṣóyínká sọ Nàìjíríà di irú ilé-iṣẹ́ kejì yìí, ṣùgbọ́n ó tún gbé e gba ibòmíràn: àwọn alága àti àwọn ọ̀gá ni èrè ń tọ́ sí, àwọn mẹ̀kúnnù tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yá owó ni gbèsè ń bá nílé, gbèsè náà kò sì lópin títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí.

Ọmọ Ìbàdàn àtijọ́ kò nílò lọ́yà kí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ tó yé e. Samuel Johnson, ẹni tó bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà ní Kúdẹtì àti ní Àrẹ̀mọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, jáde ní 1921 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, ṣe àlàyé bí àwọn Yorùbá ṣe ń gba owó wọn lọ́wọ́ ajigbèsè tó kọ̀ tí kò san. Yàtọ̀ sí ìwọ̀fà, ìyẹn ni kí ènìyàn fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó títí owó yóò fi pé, ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní dídógò tini. Olówó á bẹ ológò, tí wọ́n tún ń pè ní ẹlẹ́mùú. Ológò á lọ jókòó sí ilé ajigbèsè, á máa pariwo, á máa bú u, á máa pa adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ jẹ, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún òun, á sì sọ ojúde náà di ibi ìran fún gbogbo àdúgbò, títí ìtìjú yóò fi ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe. Ìṣe ológò a máa pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé owó ló wá gbà. Ojú yìí ló yẹ kí a fi wo àwo ọdún 1983 náà. Ẹ̀fẹ̀ ológò ni ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀: ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìjọba, ó ń ka gbèsè síta, ó ń mú àdúgbò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣe tán láti dìde.

Irú àwo tí wọ́n ń pè ní LP ni àwo náà, ìyẹn àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń yí po nígbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, tí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè gba orin tó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè gígùn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ológò kì í yára lọ. Ó nílò àkókò láti ka ẹ̀sùn kan lé òmíràn. Nínú àwọn orin tó wà nínú rẹ̀, èyí tó lókìkí jù ni “I Love My Country”. Ẹni tó ń kọrin níbẹ̀ ń sọ pé òun fẹ́ràn ìlú òun, ó ń ka ìwà ìbàjẹ́ kan, ó tún padà sórí ìfẹ́ náà, ó tún ka òmíràn, bó sì ṣe ń padà síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà ń yí adùn padà lẹ́nu rẹ̀, títí ó fi dà bí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń sin òkú baba tó fi gbèsè sílẹ̀ fún un: kò lè kọ òkú náà sílẹ̀, kò sì lè dárí jì í. Ó sọ níbì kan bí olè tó jí owó kékeré ṣe ń lọ sí ẹ̀wọ̀n nígbà tí ẹni tó kó ọ̀kẹ́ àìmọye ń gba oyè àti ìyìn orílẹ̀-èdè, kò sì gbé ohùn sókè láti sọ ọ́. Gìtá àti ìlù ń lọ ní pẹ̀lẹ́, bí orin háílàìfù tí àwọn àgbà ń gbọ́ lálẹ́, àwọn elégbè ń dáhùn, ohùn Oyèlànà sì balẹ̀ bí ti ẹni tó ń sọ ìtàn fún ọmọ kó lè sùn. Níbi ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohùn tútù àti ọ̀rọ̀ gbígbóná yìí ni ọgbọ́n àwo náà wà. Bí wọ́n bá ti pariwo ni, ìbínú ni yóò jẹ́, ìbínú sì ti pọ̀ nílẹ̀.

Kò ṣàjèjì pé Oyèlànà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n bí i ní ọdún 1939, ó jẹ́ òṣèré, olórin àti olùkọ́ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò tilẹ̀ mọ orin rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí Súrà, télọ̀ inú eré apanilẹ́rìn-ín Sura the Tailor. Àwọn orin tó ti ń kọ láti àwọn ọdún 1960 kún fún àlọ́, òwe àti orin ìbílẹ̀ tó tún tò pẹ̀lú gìtá. Òṣèré tó mọ bí a ṣe ń mú ojú le nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín ni irú ọ̀rọ̀ Ṣóyínká ń fẹ́, torí pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ ara rẹ̀ ti ba ẹ̀fẹ̀ náà jẹ́.

Orin mìíràn tó wà nínú àwo náà ni “Etike Revo Wetin”. Ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, gbé ètò kan kalẹ̀ tó pè ní “Ethical Revolution”, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyípadà ńlá nínú ìwà, tí wọ́n fi ń wàásù ìwà ọmọlúàbí fún aráàlú nígbà tí ẹ̀sùn ìkówójẹ gbilẹ̀ yí ìjọba náà ká. Orin náà gé orúkọ ètò yìí sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá lójú ọ̀nà, ó sì fi ìbéèrè kan dì í nídìí, “wetin”, ìyẹn “kí ni?” ní èdè pijin. Ìbéèrè ẹyọ kan yìí tó láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ohunkóhun nínú.

Àwọn ará Ìbàdàn ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1950, Adégòkè Adélabù, olóṣèlú tí ohùn rẹ̀ gba Màpó kan, tó sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá, sọ gbólóhùn “peculiar mess” nípa àwọn alátakò rẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbá a mú, wọ́n fi ohùn Yorùbá sí i, ó di “pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì”, ọ̀rọ̀ náà sì wọ èdè wa, ó sì di orúkọ fún gbogbo rúkèrúdò òṣèlú. Nígbà tí Adélabù kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tó fi sílẹ̀ wá ní ikú nínú láti ìgbà náà. Ṣóyínká mọ èyí dáadáa, nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ náà sí orúkọ ìwé ìrántí rẹ̀ lórí Ìbàdàn, Ibadan: The Penkelemes Years, tó jáde ní 1994. Ọ̀nà kan náà ni “Etike Revo” gbà: wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu alágbára, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n sì tu ú síwájú rẹ̀.

Ìbàdàn yìí náà ni Ṣóyínká àti Oyèlànà ti kọ́ irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1960 tí Ṣóyínká padà láti Ìlú Ọba, Yunifásítì Ìbàdàn ló wá, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ulli Beier, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní agbègbè òwò Gbági, níbi tí orin, ewì, àwòrán àti eré ti ń pàdé. Ní 1964 ni Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ òṣèré Òrìsun sílẹ̀, tí Oyèlànà wà lára wọn, ní 1965 sì ni ẹgbẹ́ náà ṣe Before the Blackout, èyí tó jẹ́ àkójọ eré kéékèèké àti orin tí wọ́n fi ń bú àwọn olóṣèlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àkókò tí ìlú ń jóná ni, torí ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, lẹ́yìn ìbò tí àwọn ènìyàn gbà pé èrú wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Ṣóyínká pé ó fi ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì fi ohùn mìíràn rọ́pò ti Olórí ìjọba ẹkùn náà, Ládòkè Akíntọ́lá; ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Láti 1967 títí di 1969 ni ìjọba ológun tì í mọ́lé nígbà ogun abẹ́lé. Ẹni tí irú nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ sí kò fi ẹ̀fẹ̀ ṣe eré ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ìlú fúnra rẹ̀ ti mọ ẹ̀rín tó ní ikú nínú ṣáájú ẹgbẹ́ òṣèré kankan. Ìtàn ìdásílẹ̀ Ìbàdàn sọ pé ìlú tí Lágelú kọ́kọ́ tẹ̀ dó parẹ́ nítorí ẹ̀rín: ẹ̀kú bọ́ lára egúngún kan lójú ọjà, àwọn obìnrin àti ọmọdé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n rí ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, ni Ọ̀yọ́ bá rán ogun sí wọn, wọ́n sì tú ìlú náà ká. Àwọn tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè, wọ́n ń jẹ èso òrò àti ìgbín kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tún ìlú tẹ̀ dó. Ọdún Òkè'Bàdàn tí wọ́n fi ń rántí òkè tó dáàbò bò wọ́n nígbà náà kún fún orin èébú, tí ẹnikẹ́ni lè kọ sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olówó tàbí olóyè, orin nípa abẹ́ àti ìdí tí a kì í sọ ní ọjọ́ mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú sí. Ó yẹ kí a ronú sí èyí gan-an: ìlú tí ẹ̀rín pa ni ó ń fi ẹ̀rín rántí ikú rẹ̀. Ẹni tó dàgbà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èébú tí a fi orin sọ ní ààyè tirẹ̀, pé ọba pàápàá gbọ́dọ̀ gbà á, àti pé ìlú tó bá fòfin de irú orin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ní orin tiwọn tó da ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ikú. Orin tí wọ́n ń pè ní “gothic”, tó gba orúkọ rẹ̀ láti inú àwọn ìtàn ilé òkùnkùn, itẹ́ òkú àti ẹ̀mí àìrí, gbilẹ̀ ní Ìlú Ọba láti ìparí àwọn ọdún 1970; “folk rock” sì ni orin ìbílẹ̀ tí wọ́n fi gìtá oníná àti ìlù òde òní kọ, bí àwo Liege & Lief tí ẹgbẹ́ Fairport Convention ṣe ní 1969, níbi tí wọ́n ti gbé àwọn orin àtijọ́ nípa panṣágà, ìpànìyàn àti àwọn iwin jáde lákọ̀tun. Nick Cave, olórin ọmọ Australia, so méjèèjì pọ̀ ní 1996 nínú Murder Ballads, àwo tó kún fún ìtàn ìpànìyàn tí ẹ̀rín ń yọ́ wọ inú rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára èyí tó tà jù nínú àwọn àwo rẹ̀. Ohun tó mú irú orin bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi gbogbo kò yàtọ̀: orin ìbílẹ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ara a máa balẹ̀ sí i, nígbà tí ara bá sì ti balẹ̀ tán ni òkú máa ń dìde jókòó.

Okùn kan tilẹ̀ so Ṣóyínká mọ́ ìdílé orin yẹn tààrà. Ní 1728, John Gay ṣe The Beggar's Opera ní Lọ́ńdọ̀nù, nípa àwọn olè àti alágbe tí ìwà wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọlọ́lá. Ní igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1928, Bertolt Brecht àti Kurt Weill tún un ṣe ní Berlin gẹ́gẹ́ bí The Threepenny Opera, tí orin rẹ̀ tó lókìkí jù jẹ́ orin dídùn nípa apànìyàn tó ń fi ọ̀bẹ rìn. Ní oṣù Kejìlá 1977, Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó mú àwọn alágbe náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí Bokassa, olórí Central African Republic, fẹ́ fi ara rẹ̀ jọba, ó sì fi orúkọ léèsì olówó iyebíye tí àwọn ọlọ́rọ̀ ìgbà náà ń wọ̀ sọ eré náà. Ní 1983 kan náà tí àwo orin jáde, ó tún gbé Requiem for a Futurologist káàkiri, eré nípa aríran kan tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò kú, tí ọjọ́ pé tí kò kú, tí àwọn ènìyàn sì kọ̀ jálẹ̀ pé òkú ni, tí wọ́n ń dúró de ìsìnkú rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé eré yìí àti àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Aríran náà wà láàyè, wọ́n ń sọ pé ó kú. Orílẹ̀-èdè náà ń kú lọ, àwọn alága rẹ̀ ń sọ pé ara rẹ̀ le.

Bí ìjọba ṣe máa ń gba irú orin bẹ́ẹ̀ ti hàn ní ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ní 1964, lẹ́yìn tí Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà, òfin náà kò sì kúrò títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966. Ti Fẹlá olórin le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977 àwọn sójà jó ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ju ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láti òkè ilé, ìyá náà sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1979, Fẹlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó olórí ìjọba ológun, ó sì sọ ìrìn náà di orin, Coffin for Head of State. Kò sí orin kankan ní Nàìjíríà tó fi ikú dógò ti ìjọba ní gbangba tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Fẹlá fi igbe ṣe tirẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí igbe. Ṣóyínká, ìbátan rẹ̀, yan ẹ̀rín.

Ìgbà tí àwo Ṣóyínká jáde, alágbádá ló wà lórí oyè, ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ń ṣe ìjọba àpapọ̀, UPN sì ń ṣe ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Bọ́lá Ìgè, nítorí náà ẹnu kò tíì di pátápátá. Orin náà tàn, àwọn ènìyàn sì ń kọ ọ́ lẹ́nu, pàápàá “I Love My Country”, torí ègbè rẹ̀ rọrùn láti gbà, kódà fún ẹni tí kò lè tọ́ka sí gbogbo ẹ̀sùn tó wà nínú rẹ̀. Kò yí ìbò padà. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n kéde pé Shagari ló tún wọlé, wọ́n sì kéde Omololú Olúnlóyọ̀ ti NPN gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní Ọ̀yọ́, iná sọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Oǹdó, wọ́n sun ilé, wọ́n sun ènìyàn. Oṣù mẹ́ta péré ni ìjọba Olúnlóyọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ohùn Sani Abacha ló kéde lórí rédíò pé àwọn ológun ti gba ìjọba, ìkówójẹ sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn alágbádá. Ẹ̀sùn tí àwo náà ti fi orin kà láti oṣù Keje ni àwọn sójà tún kà ní oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì san gbèsè.

Àríwísí tó wúwo jù lórí irú iṣẹ́ báyìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí Opera Wonyosi jáde, àwọn onímọ̀ tó gba ẹ̀kọ́ Marx gbọ́, bíi Bíọ́dún Jéyìífò àti Yẹmí Ògúnbíyì, sọ pé Ṣóyínká fi ìwà ìbàjẹ́ hàn lọ́nà tó ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ, ẹni tí wọ́n ń jẹ, àti bí ẹni tí wọ́n ń jẹ ṣe lè bọ́. Ṣóyínká dá wọn lóhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé eré náà ní 1981, pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti tú àṣírí ìbàjẹ́, kí àwọn onímọ̀ ìṣèlú ṣe tiwọn. A lè bu irú ẹ̀bi kan náà fún àwo orin yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bu ú kò rántí iṣẹ́ ológò. Kì í ṣe ológò ló máa ṣàlàyé bí òwò ajigbèsè ṣe bàjẹ́. Tirẹ̀ ni pé kí gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ, kí ajigbèsè má sì lè jáde síta láìjẹ́ pé ojú tì í. Àwo náà ṣe èyí dé ojú àmì.

Àríwísí kan wà tó le jù láti dá lóhùn. Pijin àti Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwo náà, pijin kì í sì í ṣe èdè àwọn àdúgbò Ìbàdàn bíi Béyerúǹká tàbí Ọjà'ba. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Bẹẹrẹ ní 1983 lè gbọ́ ohùn Oyèlànà kó dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìbú ọ̀rọ̀ náà, níbi tí Limited ti di Unlimited, tí Ethical ti di Etike, kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀. Òótọ́ ni pé orin náà ní láti dé Kánò àti Port Harcourt, pijin nìkan ló sì lè gbé e débẹ̀. Síbẹ̀ àdánù ni, ó sì yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀, torí pé olórin tó mọ orin Yorùbá tó Oyèlànà àti òǹkọ̀wé tó túmọ̀ ìwé D. O. Fágúnwà ló pàdé nínú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ti ya ojú kan àwo náà sọ́tọ̀ fún Yorùbá, ológò ì bá ti jókòó sí ojúde Màpó gan-an.

Ìgbẹ̀yìn ìtàn àwọn tó ṣe àwo náà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994, Ṣóyínká, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, gba inú igbó kọjá lórí alùpùpù sí orílẹ̀-èdè Benin nígbà ìjọba Abacha, ohùn kan náà tó kéde ìfipágbàjọba ọdún 1983. Oyèlànà náà di ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ṣí ilé oúnjẹ Emukay ní Camberwell, tó sì ń kọrin fún àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ní 1997, ìjọba Abacha fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Ṣóyínká àti àwọn mìíràn. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ EM Records ní Japan ṣe àkójọ àwọn orin Oyèlànà láti 1966 títí dé 1979. Nípa báyìí ó rọrùn fún ọ̀dọ́mọkùnrin ní Osaka láti gbọ́ orin Oyèlànà ju fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Àrẹ̀mọ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wà fún àwọn àgbà Ìbàdàn, ní Àrẹ̀mọ, ní Béyerúǹká, ní Òkè Màpó àti káàkiri. Ẹni tó bá ní àwo 1983 yìí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú àpótí tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, kó má ta á fún àwọn tó ń ra àlòkù káàkiri àdúgbò, kó má sì jẹ́ kí oòrùn tẹ́ ẹ. Kó gbé e lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì padà gbé àwo rẹ̀ wálé.